Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Mi ò ní dárúkọ ìlú wa níbí. Àwọn tó lé wa kúrò níbẹ̀ ṣì wà láyé, èmi náà ṣì wà láyé, mo sì fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú kékeré ni, lápá ìwọ̀-oòrùn Kogi, níbi tí wọ́n ti ń kí ara wọn ní "Okun o" láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa. Báyìí mò ń gbé Kabusa, létí Àbújá, pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi, Tinúkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kì í sọ̀rọ̀.

Ó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bọ́lá ìyá rẹ̀ fi máa ń sọ pé bí etí òun bá fẹ́ sinmi, òun á gbé e wá fún èmi. Ọjọ́ tí àwọn oníbọn gun ọ̀kadà wọ ìlú ló dákẹ́. Oko ni Bọ́lá wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn lọ lójú ọ̀nà oko, a ò sì tíì gbúròó rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣẹ́gun ọkọ rẹ̀, àbúrò mi, kọ̀ láti kúrò nílùú. Ó ní bí Bọ́lá bá padà dé tí kò bá ẹnì kankan nílé ńkọ́? Èmi ló ní kí n gbé ọmọ náà lọ síbi tó ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí n sì rí i pé ó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó rán mi nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló bà mí lẹ́rù nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Kabusa kún fún ọ̀kadà. Àwọn ni wọ́n ń gbé èèyàn láti ojú títì wọ inú àdúgbò, èmi nìkan ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn ín lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kadà méjì ń bára wọn sáré bọ̀ lẹ́yìn wa. N kò mọ ìgbà tí mo fa Tinúkẹ́ wọ abẹ́ tábìlì obìnrin kan tó ń ta àkàrà. Ẹ̀wà lílọ̀ dà sí mi lórí. Gbogbo àwọn tó tò síwájú àkàrà bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, na ordinary bike o!"

"Abi dem dey find you for house?"

Obìnrin alákàrà náà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwa méjèèjì lábẹ́ tábìlì, ó rí bí ọmọ náà ṣe fi ìka lé ètè tí kò mira. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu orí mi. "Sànnu, Mama. Sànnu." Èmi ò gbọ́ Hausa, òun náà ò gbọ́ èdè tèmi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra àkàrà títí dòní.

Láàárín ìlú gan-an, ojú ọ̀nà fẹ̀ débi pé èèyàn ò lè pe ẹni tó wà lódì kejì. Àwọn àpáta ńláńlá dúró káàkiri. Nílùú wa, orí àpáta ni à ń sá lọ nígbà tí ìyà bá dé. Níbí, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń wò ó, wọ́n á sì ní ó rẹwà. Mo kúnlẹ̀ kí àgbà obìnrin kan tó jókòó tì mí ní báńkì, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ó yára fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni.

Bí àwọn tó gbọ́ Yorùbá bá bi mí pé níbo ni mo ti wá, tí mo sì dárúkọ agbègbè wa, wọ́n á ní, "Áà! Mo rí i lórí fóònù! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mama." Lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù. Ìlú tí wọ́n bí mi sí, tí wọ́n sin òbí mi sí, ti di nǹkan tí wọ́n ń fi ìka tì kọjá lójú fóònù. Mo kọ́ láti máa dáhùn pé Lọ́kọ́ja ni mo ti wá. Ó yá jù bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan nínú ìjọ tí mò ń lọ níbí ló mú mi lọ síbi iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹni tó ni ín. Madam ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára, èmi ni mò ń gbọ̀n.

"Ìwé wo lẹ ní, Mama?"

"Ìwé mẹ́wàá, mà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣeré. Eré ni mo fi ń kọ́ wọn."

"Eré?" Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi o. Kò sí òbí tó ń sanwó eré ní Àbújá. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta tèmi ń kọ A títí dé Z, wọn kì í gbé orí sókè. Nánì ni mo fẹ́ gbà. Ẹni tó máa nu imú, tó máa nu ìdí, tó máa gbálẹ̀."

"Mo lè ṣe é, mà."

"Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ Yorùbá sí ọmọ kankan. Tiyín náà wà nínú rẹ̀. Èmi gan-an kì í sọ ọ́ nínú ọgbà yìí, nítorí yín ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Tinúkẹ́ máa jókòó sí kíláàsì nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, torí mi ò lẹ́ni tí mo lè fi í tì.

"Wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀."

"Ó máa sọ̀rọ̀, mà. Ẹ̀rù ló bà á."

"Ẹ̀rù wo ni kì í tán?" Ó kanra díẹ̀, ó tún rọ ohùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú tán. "Ó dáa. Mo fún un di Ọjọ́ Òbí, ní òpin ọdún ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọmọ ló máa dìde sọ orúkọ rẹ̀ lójú àwọn òbí. Bí tiyín ò bá lè sọ orúkọ tirẹ̀, ẹ wá ibòmíràn fún un. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ní ilé àwọn tó yadi ni mo ṣí."

Ó bi mí bóyá mo ní ìbéèrè. Mo ní ẹyọ kan.

"Madam, ibo ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíláàsì wà?"

"Kò sí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn béèrè ni, mà."

Kíláàsì náà dùn ún wò. Wọ́n ya kìnnìún, erin àti àlífábẹ́ẹ̀tì sára ògiri. Ní igun kan, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tó kún fún ohun ìṣeré: bíríkì rọ́bà aláwọ̀ mèremère, ọmọláńgidi, ọkọ̀ ojú irin onígi. Nígbà tí mo rí i, inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo rántí gbọ̀ngàn wa nílé, níbi tó jẹ́ pé ṣùkù àgbàdo àti agolo mílíìkì ni gbogbo ohun tí a ní. Mo wo àwọn bíríkì náà dáadáa. Wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Ọjọ́ Òbí la máa ń kó wọn jáde," ni ohun tí Anti Ladi, olùkọ́ kíláàsì náà, fi Pidgin ṣàlàyé fún mi. "If dem spoil am, na our salary Madam go cut."

Ọmọbìnrin kan láti Bwari ni Anti Ladi. Inú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀rù Madam ju bí mo ṣe ń bẹ̀rù ọ̀kadà lọ. Bí ariwo ọmọ bá ti fẹ́ dé ọ́fíìsì, á fi òyìnbó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn fi ìka lé ètè. Ìka kéékèèké á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá yá, á ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, ariwo á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ti Tinúkẹ́ kì í tètè sọ̀kalẹ̀. Á máa wo Anti Ladi bíi pé kò tíì gbọ́ ohun tó ń dúró dè.

"Mama, your pikin get discipline pass everybody."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ń tutù nígbàkúùgbà tí àwọn ìka náà bá lọ sókè, ṣùgbọ́n nánì ni mí, kò sí ohun tó kàn mí nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe kíláàsì.

Ohun tó kàn mí wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Àwọn bíríkìlà fi yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n mọ odi. Bí àwọn ọmọ bá jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń kó àwọn tó bá ti ṣetán lọ síbẹ̀. Mo ṣa ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò níwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì, mo fọ̀ wọ́n, mo fi òkúta lu etí wọn mọ́lẹ̀ kó má ba à gé ọmọ lọ́wọ́. Mo tọrọ páálí àti ìdérí agolo mílíìkì. Obìnrin ará Kwali kan tó máa ń tẹ́ ìkòkò sẹ́bàá ọ̀nà bù mí ní amọ̀ tútù nínú ewé. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ọmọ tí kì í ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n da A kọ lọ, wọ́n bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n dáná, wọ́n tajà, wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n jà sí ta ni yóò jẹ́ dírẹ́bà. Ọmọkùnrin kan tí kì í lè di pẹ́ńsù mú ń yí amọ̀ bí ejò gígùn lójoojúmọ́, ìka rẹ̀ wá le. Nígbà tó yá, ó di pẹ́ńsù mú. Madam yin Anti Ladi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Tinúkẹ́ kì í bá wọn dáná. Ó máa ń jókòó létí yẹ̀pẹ̀, á máa to ìdérí ìgò. Ṣùgbọ́n ó ń wò wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú yẹ̀pẹ̀. Èmi ka ìyẹn sí nǹkan ńlá.

Kò pẹ́ kó tó bàjẹ́. Bàbá kan wá mú ọmọ rẹ̀, ó rí yẹ̀pẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọn ìbọ̀sẹ̀ náà síwájú mi.

"Mama, na sand I dey pay for?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi bárò kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà lọ. Madam ní kí n da gbogbo pàǹtírí mi nù. Mo da amọ̀ nù. Mo fi àwọn ìdérí sínú ọ̀rá, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn ìgbálẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Ṣẹ́gun máa ń pè. Ó ní láti gun àpáta ẹ̀yìn ìlú kí fóònù rẹ̀ tó lè mú, nítorí náà ó máa ń mí gúlegúle nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó ti sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀. Ṣé o ti gbúròó rẹ̀?"

"Rárá."

Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn. Kò sí èyí tó ń béèrè àlàáfíà ẹnì kejì mọ́. Lẹ́yìn náà á ní kí n fi fóònù sí ọmọ létí. Á sọ fún un pé ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí ìbejì, pé gúáfà ẹ̀yìn ilé ti so, pé Kọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ká eyín. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó wá di aláròyé nítorí ọmọ tí kì í dá a lóhùn. Tinúkẹ́ á di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á máa mí sínú rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ ọ," ni Ṣẹ́gun máa ń wí. "Ṣó o rí i? Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń mí. Ó ti tó."

Kò tó. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò tó.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe yè. Mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, màá sì sọ ọ́ ní kíákíá.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi wa, ìgbà tó máa ń le jù lójúmọ́ ni ìgbà tí a bá ti parí ẹ̀kọ́ tí àwọn ìyá ò tíì ti oko dé. Ebi ń pa ọmọ, oorun ń kùn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo dá eré kan sílẹ̀ fún àkókò náà, a ń pè é ní eré ilẹ̀kùn. Èmi á ní, "Mo ti ilẹ̀kùn," gbogbo wọn á fi ìka lé ètè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti pàdánù. Ẹni tó bá sì dákẹ́ jù, tó bá borí, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé. Irọ́ ni, gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ló sì ń pa irú rẹ̀. Bí mo bá rí àwọn ìyá lókèèrè, màá pàtẹ́wọ́, màá ní, "Mo ṣí ilẹ̀kùn!" Ìgbà náà ni kálukú á fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo orúkọ ara rẹ̀. Láti ojú ọ̀nà ni ìyá ti máa ń gbọ́ ọmọ tirẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ìlú, mo kó àwọn ọmọ sábẹ́ pèpéle pákó tí pásítọ̀ máa ń dúró lé, níbi tí a ń kó àga tó ti kán sí. Mo ní, "Mo ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dákẹ́ jù, ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dé." Ìka lọ sí ètè. Ọ̀kadà yí gbọ̀ngàn náà po. Ẹnì kan wọlé, a gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí pákó, lókè orí wa gan-an. Ọmọ kankan ò sọ̀rọ̀. Ọmọ kankan ò wúkọ́. Nígbà tí ìró ìbọn lọ, tó sì pẹ́ gan-an, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń já ọmọ wọn gbà lọ́wọ́ mi. Ta ló rántí láti pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn?

Ọjọ́ òjò kan ló là mí lójú. Ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde, àwọn ọmọ ń dúró de òbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Madam ò sí nílé. Mo kó àwọn ìdérí ìgò jáde. Tinúkẹ́ mú tirẹ̀, ó da páálí kan délẹ̀, ó la ẹnu ọ̀nà sí i lára. Ó to àwọn ìdérí kéékèèké sábẹ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí, tó bá kàn án tán, á gbé ìka náà lé ètè ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá àwọn ìdérí agolo mílíìkì tó tóbi. Ó ń wọ́ wọn bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, láti ẹ̀gbẹ́ òpó. Ìdérí ńlá kan á dé ẹnu páálí, á mú kékeré kan, á lọ. Òmíràn á dé. Ó ń ṣe é, kò yára, títí ó fi ku ẹyọ kan lábẹ́ páálí.

Mo ń dúró de ìdérí ńlá tó kàn. Kò sí. Ó ku ìdérí ńlá nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò mú un. Ó ti ẹnu ọ̀nà páálí náà mọ́ ẹyọ kan yẹn, ó gbé ìka lé ètè, ó kọjú sí géètì.

Ó lóye gbogbo rẹ̀ ju bí àwa àgbà ṣe lóye rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí mo tì, mi ò ṣí i. Àwọn ọmọ tó kù, ìyá wọn dé, eré tán fún wọn. Òun ni ìyá rẹ̀ ò dé, nítorí náà òun ṣì wà nínú eré. Gbogbo oṣù tí mo fi rò pé ẹ̀rù ló pa ohùn rẹ̀, ńṣe ló ń gbìyànjú láti borí.

Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti fẹ́ pàdé, mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni mo ronú kan ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: ìyá òun dà? Mo fi ọwọ́ mi nu ara ìró mi. Mo ní, "Òjò ti fẹ́ dá."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mi ò sọ fún Ṣẹ́gun. "Kò tíì sọ̀rọ̀," ni mo wí, òótọ́ sì ni.

Anti Ladi bi mí lọ́jọ́ kan pé nígbà wo ni màá padà sílé. Mo ní mi ò mọ̀. Mo rò ó lẹ́yìn náà, bí mo ṣe ń fọ póò àwọn ọmọ. Mama Nánì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Mama Tinu ni lágbo ilé tí mò ń gbé. Kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ mi láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí, èmi náà ò sì sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí wọn ò bá mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò lè pè é jáde. Irú èèyàn tí mo dà nìyẹn. Mò ń jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo wá wò ó, mo rí i pé èmi náà ò tíì jáde lábẹ́ pèpéle yẹn. Ó sàn fún ọmọ náà, òun mọ ohun tó ń dúró dè.

Ọjọ́ Òbí bọ́ sí Sátidé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n kó àwọn bíríkì rọ́bà jáde nínú ọ̀rá, wọ́n tò wọ́n sórí ẹní, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ jókòó yí i ká fún fọ́tò. "No touch!" ni Anti Ladi ń sọ lábẹ́ ètè. "Just smile. No touch." Òbí kan wò wọ́n, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ iyì eré. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbé ike omi kọjá.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, wọ́n ń sọ orúkọ wọn ní òyìnbó sínú ẹ̀rọ. Ó kan Tinúkẹ́. Ó dìde, aṣọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ tí mo dì ń dán. Ó gbé ìka lé ètè.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá oníyẹ̀pẹ̀ ọjọ́sí ní, "This one don swallow him tongue!" Ẹ̀rín wá pọ̀. Madam rẹ́rìn-ín fún wọn, ó ní ojú ló ń ti ọmọ náà. Ó wá tẹ̀ sí etí mi, ẹ̀rín náà ò kúrò lójú rẹ̀.

"Mama, lónìí yìí lẹ máa kó ẹrù rẹ̀."

Mo ro ibi tí màá gbé e sí lọ́jọ́ Ajé. Yàrá tí mo máa tì í mọ́. Wákàtí tó máa fi jókòó níbẹ̀ nìkan, ìka lé ètè. Mo wò ó. Kò wo àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Géètì ló ń wò. Ẹnu géètì náà, àwọn ìyá ṣì ń wọlé, èyí tó pẹ́ dé, èyí tó ń tún gèlè ṣe, ó sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé ike omi sílẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi dún ju bí mo ṣe rò lọ.

"Mo ṣí ilẹ̀kùn!"

Ohùn tí mo fi ń kọ́mọ nílé ni mo fi sọ ọ́, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé ojú ọ̀nà. Gbogbo orí yí sí mi. Tinúkẹ́ náà yí sí mi. Ó wò mí, ó tún wo géètì, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń tàn án kó lè pàdánù. Mo tún pàtẹ́wọ́. "Tinúkẹ́, mo ṣí i. Mo ti ṣí i tán."

Ìka náà sọ̀kalẹ̀.

"TINÚKẸ́!"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn fọn fèrè. Ohùn náà há, ó ya, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ó mí, ó tún pariwo rẹ̀, "TINÚKẸ́ ỌMỌ ṢẸ́GUN!" Anti Ladi bú sẹ́kún. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, àwọn kan dìde. Madam ti gba ẹ̀rọ náà, ó ń fi òyìnbó sọ fún wọn pé ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀ rí nígbà tó dé, pé ẹ wo ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tó dáa lè ṣe. Ó na fóònù síwájú Tinúkẹ́ kó lè ká a sílẹ̀ fún àwọn òbí tí ò wá.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ mi àtàtà. Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, lójú gbogbo àwọn òbí. Tinúkẹ́ ti ń lọ mú báàgì rẹ̀.

Wọ́n ní kó má lọ síbì kankan mọ́. Wọ́n ní òun ló máa wà lójú pátákó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní mo dúpẹ́, mà.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, tí wọ́n ti dá bíríkì padà sínú ọ̀rá, mo bá a lórí àtẹ̀gùn, báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí géètì. Mo jókòó tì í.

"Màmá, ṣé èmi ni mo borí?"

"Ìwọ ni."

"Mo pẹ́ ju Kọ́lá lọ."

"O pẹ́ ju gbogbo wọn lọ."

"Ẹn-ẹ́n." Ó tún okùn báàgì rẹ̀ ṣe. Inú rẹ̀ dùn, ó ń mi ẹsẹ̀. A jókòó títí bàbá tó ń ṣọ́ géètì fi gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní ká máa lọ. Ó ní ká dúró díẹ̀ sí i, pé ọ̀nà jìn, pé bóyá ìyá òun ò rí ọ̀kadà gùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pe ẹnì kan tí fóònù rẹ̀ ń mú nítòsí ìlú wa, mo ní kó sọ fún Ṣẹ́gun pé kó gun àpáta. Nígbà tó pè, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ti sọ̀rọ̀?"

Mo fi fóònù sí ọmọ náà létí, ó di í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá mi, èmi ni. Mo borí. Ẹ ní kí ìyá mi máa bọ̀, mo ti dákẹ́ tó."

Ó gbé etí sílẹ̀. Ó dúró. Ó tẹ fóònù mọ́ etí dáadáa, ó tún dúró. Ó wá gbé ojú sókè wò mí.

"Wọn ò sọ̀rọ̀, Màmá. Wọ́n kàn ń mí ni."